Ta Ni Ó Tò Wọ́n? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Àwọn Hóró Tí Ń To Ara Wọn

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ dúró kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn títí dé ẹnu ọ̀nà, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ bá mi wo tíréè tí ń bẹ lọ́wọ́ mi yìí. Tíréè tí a fi ń gbé oúnjẹ ni, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Irin róbótó-róbótó, irú èyí tí ń bẹ nínú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ni mo dà sínú rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni mo ti gbà wọ́n. Wọ́n tó ọgọ́rin, gbogbo wọn sì dọ́gba.

Bí mo ṣe dà wọ́n sílẹ̀ báyìí, wọ́n wà ní wúruwùru. Mo gbé etí tíréè kan sókè díẹ̀ kí wọ́n lè yí lọ sí apá kan. Mo wá ń mì í jẹ́jẹ́, n kò fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà níwájú ti ń rí i: wọ́n ń wọ ìlà. Ìlà kan sùn ti èkejì, irin kọ̀ọ̀kan sì ní mẹ́fà tí ó yí i ká, bí ihò afárá oyin. Ibi kan ṣì wà láàárín tí kò gún, níbi tí ìlà méjì ti pàdé tí wọn kò bára mu. Bí mo bá ń mì í lọ, ibi náà á máa sún lọ sí etí díẹ̀díẹ̀, títí a ò fi ní rí i mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní àdúgbò mi ni mo kọ́kọ́ fi èyí hàn. Ó wò ó títí, ó gbójú sókè, ó ní, "Bọ̀dá, ta ló tò wọ́n?" Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé èmi ni. Ṣùgbọ́n èmi kọ́. Mo kàn mì wọ́n ni.

Ìbéèrè ọmọ yẹn ni mo gbé wá síhìn-ín lónìí. Àwọn onímọ̀ físíìsì kan wà láyé tí iṣẹ́ wọn ni láti ṣe hóró tí ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, kí wọ́n da àìmọye mílíọ̀nù rẹ̀ sínú omi, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó to ara rẹ̀ di ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Ọwọ́ kò lè tò wọ́n, ẹ̀mú kò lè mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan parí láéláé. Ohun tí onímọ̀ náà lè ṣe kò ju méjì lọ: kí ó gbẹ́ hóró náà bí ó ti yẹ kí ó rí, kí ó sì jẹ́ kí ìgbọ̀n omi ṣe ìyókù. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tọ ipa iṣẹ́ wọn, kò tíì sú mi rí.

Kọ́lọ́ìdì ni a ń pe irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀. Thomas Graham, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ Scotland, ni ó fún un lórúkọ yìí ní 1861. Púpọ̀ nínú yín ti mu kọ́lọ́ìdì láàárọ̀ yìí, nítorí pé mílíìkì jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀dà tí a fi kun ògiri yìí jẹ́ ọ̀kan nígbà tí ó wà nínú agolo, tàdáwà náà sì jẹ́ ọ̀kan. Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni pé hóró kéékèèké wà nínú omi wọn, tí kò yòrò bí iyọ̀, tí kò sì rì bí iyanrìn.

Ẹ fi wé ògì. Bí a bá sẹ́ ògì tí a gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ògì á ti rọ̀ sílẹ̀, omi á ti tòrò lókè. Ìdí ni pé hóró ògì tóbi, ó súnmọ́ ìdá kan nínú 100 mìlímítà. Lójú tiwa, ìyẹn kéré. Lójú kọ́lọ́ìdì, àpáta ni. Hóró kọ́lọ́ìdì sábà máa ń wà láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, tí a ń pè ní máíkírómítà, àti ohun tí ó kéré sí ìyẹn ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa iná. Ife omi rèé, ẹ̀kán mílíìkì mẹ́ta péré ni mo kán sí i, mo sì rò ó. Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì gba ẹ̀gbẹ́ ife kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ wà lápá ọ̀tún mi, àwọ̀ wo ni ẹ rí? Búlúù díẹ̀, àbí? Ẹ̀yin tí ẹ kọjú sí tọ́ọ̀ṣì gan-an, ẹ ń rí i bí ẹni pé ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni, omi kan náà ni. Hóró mílíìkì ń ta ìmọ́lẹ̀ búlúù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ju pupa lọ, pupa sì ń ráyè kọjá. Ẹ tan iná padà, ẹ ṣé.

Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n kọ ìtumọ̀ kọ́lọ́ìdì sójú pátákó, a dà á kọ, a há a sórí, a sì kọ ọ́ sínú ìdánwò. Mo gba máàkì tó dáa. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni ó kọjá kí n tó rí ẹni tí ó fi ife omi àti mílíìkì hàn mí. Ó dùn mí títí di òní, nítorí pé nínú kíláàsì wa, àwọn kan wà tí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì sú, tí mo mọ̀ dájú pé ife omi yìí ì bá dá wọn dúró.

Kí ló dé tí hóró wọ̀nyí kò fi rì? Robert Brown, ọmọ Scotland tí ń kọ́ nípa ewéko, ni ó kọ́kọ́ fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà, ní 1827. Ó fi máíkírósíkóòpù wo àwọn hóró kékeré tí ń jáde láti inú ìyẹ̀fun òdòdó nínú omi, ó sì rí i pé wọ́n ń gbọ̀n, wọn kò dúró. Ó kọ́kọ́ rò pé bóyá ẹ̀mí wà nínú wọn. Ó wá lọ òkúta kúnná, ó dà á sómi, òkúta náà ń gbọ̀n. Ó rí díẹ̀ lára òkúta ère Sphinx ti Íjíbítì, ó lọ òun náà, ó ń gbọ̀n. Òkúta tí kò lẹ́mìí láti ayé ọba Fáráò ń jó nínú omi. Ìwà ìwádìí tí mo fẹ́ràn jù rèé: ọkùnrin náà kò jẹ́ kí ìdáhùn àkọ́kọ́ tí ó dùn mọ́ ọn fọ́ òun lójú.

Albert Einstein ni ó túmọ̀ rẹ̀ ní 1905. Àwọn ẹyọ omi fúnra wọn, tí máíkírósíkóòpù Brown kò lè rí, ń sáré káàkiri, wọ́n ń kọlu hóró náà láti gbogbo ìhà. Nígbà míràn ìkọlù ọ̀tún á ju ti òsì lọ díẹ̀, hóró á sì yẹ̀. Bí ó bá tóbi bí irin inú tíréè mi, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Bí ó bá jẹ́ máíkírómítà kan, kò ní sinmi láé.

Jean Perrin, ọmọ Faransé, wá mú un débi tí kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ó mú oje igi kan láti Éṣíà, aláwọ̀ yẹ́lò, tí àwọn ayàwòrán máa ń lò, ó pò ó mọ́ omi, ó sì yà á sọ́tọ̀ títí hóró rẹ̀ fi dọ́gba. Ó gbé ẹ̀kán rẹ̀ kan sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka hóró ní ìpele-ìpele láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí ó bá ka 100 nísàlẹ̀, tí ó gòkè ní 30 máíkírómítà, á bá nǹkan bí 47. Bí ó bá tún gòkè bẹ́ẹ̀, 23. Ó tún gòkè, 12. Ìyẹn ni pé wọ́n ń dín sí ìdajì ní gbogbo ìgbà, gẹ́lẹ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́lẹ́ bí èèyàn bá ń gun òkè gíga. Ìwúwo ń fà wọ́n sílẹ̀, ìkọlù omi ń tì wọ́n sókè, méjèèjì sì gbà láti pín àyè náà báyìí. Láti ara ìkàyé yẹn ni Perrin ti ṣírò iye átọ́mù tí ń bẹ nínú ìwọ̀n ohun kan. Ẹ̀bùn Nobel tí ó gbà ní 1926 kò ṣẹ̀yìn iṣẹ́ yìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà lójú mi ni a dé yìí. Èèyàn á rò pé ìgbọ̀n àti ìkọlura tí kò lórí tí kò nídìí bẹ́ẹ̀ kò lè bí nǹkan kan ju rúdurùdu lọ. Òun gan-an ni ó ń tò wọ́n.

Ní 1957, Berni Alder àti Tom Wainwright, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Livermore ní California, fi kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà ṣe ìṣirò bọ́ọ̀lù líle tí wọ́n ń kọlu ara wọn. Kò sí òòfà láàárín àwọn bọ́ọ̀lù náà, wọn kò lẹ̀ mọ́ra, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ni pé méjì kò lè wà lójú kan. Síbẹ̀, bí bọ́ọ̀lù bá ti pọ̀ tó nínú àyè náà, wọ́n á to ara wọn bí átọ́mù inú kírísítálì, ìyẹn ohun líle bí iyọ̀, tí átọ́mù rẹ̀ wà ní ìlà-ìlà. Àwọn àgbà onímọ̀ kò fẹ́ gbà á. Nínú ìpàdé kan ní àkókò yẹn, George Uhlenbeck, àgbà onímọ̀ físíìsì kan, ní kí wọ́n dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìbò dọ́gba. Ìdajì gbà, ìdajì kọ̀.

Mo lóye ìdajì tí ó kọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe yé èmi náà nígbẹ̀yìn. Ẹ ronú nípa gbọ̀ngàn àríyá tí èrò pọ̀ jù fún. Bí olúkúlùkù bá gbé àga rẹ̀ síbi tó wù ú, ìgúnpá ẹnìkan á máa gún ẹlòmíràn ní ìhà, ẹni tí ó fẹ́ dìde láti ná olórin kò ní ráyè kọjá. Ẹ wá to àga náà ní ìlà. Èèyàn kò dín, gbọ̀ngàn kò gbòòrò sí i, síbẹ̀ kálukú á rí àyè díẹ̀ láti mi apá. Nínú igò kọ́lọ́ìdì, kò sí alága ìjókòó tí yóò pàṣẹ. Ṣùgbọ́n nítorí pé hóró kọ̀ọ̀kan ní àyè ìgbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí wọ́n bá wà ní ìlà, ọ̀nà tí gbogbo wọn lè gbà wà ní ìlà, tí wọ́n sì ń gbọ̀n, pọ̀ fíìfíì ju ọ̀nà tí wọ́n lè gbà wà ní wúruwùru lọ. Wọ́n ń gbọ̀n kiri, wọ́n sì bọ́ sí ibi tí ọ̀nà pọ̀ sí. Ẹ́ńtírópì ni onímọ̀ físíìsì ń pe kíka ọ̀nà yìí. Wọ́n máa ń kọ́ wa pé ẹ́ńtírópì túmọ̀ sí rúdurùdu, mo sì rò pé ó yẹ kí a dáwọ́ kíkọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ dúró, nítorí pé nínú igò yìí ẹ́ńtírópì ni ó ń tò wọ́n.

Ní 1986, Peter Pusey àti Bill van Megen fi hàn nínú igò gidi. Wọ́n ṣe bọ́ọ̀lù ike kéékèèké, wọ́n fi irun tíntìnnín bò ó lára kí wọ́n má bàa lẹ̀ mọ́ra, wọ́n sì tò igò lọ́kan-ò-jọ̀kan sílẹ̀, tí iye bọ́ọ̀lù inú wọn yàtọ̀ síra. Níbi tí bọ́ọ̀lù kò pọ̀, omi lásán ni. Bí bọ́ọ̀lù bá ti gba nǹkan bí 49 nínú 100 àyè inú igò, kírísítálì á bẹ̀rẹ̀ sí í hù, á máa dán bí ohun ọ̀ṣọ́. Bí ó bá kọjá nǹkan bí 58, wọ́n á há mọ́ra wọn kí wọ́n tó ráyè wọ ìlà, bí èrò ọkọ̀ tí kò lè sún mọ́. Ọwọ́ ìwúwo ilé ayé wà nínú híhá yẹn pẹ̀lú. Ní 1995, ẹgbẹ́ Paul Chaikin àti William Russel láti Princeton fi irú igò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sójú òfúrufú nínú ọkọ̀ Columbia. Àpòpọ̀ kan wà tí ó ti wà lórí ilẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọdún kan láìto ara rẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, níbi tí nǹkan kò ti wúwo, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ó fi tò tán.

Ẹ ó bi mí pé kí ni a fẹ́ fi títò yìí ṣe. Ìmọ́lẹ̀ ni ìdáhùn.

Mo mú ìyẹ́ ọ̀kín kan wá. Ẹ gbà á, ẹ máa gbé e kọjá lọ́wọ́ ara yín, ẹ sì yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Búlúù náà ń yí, àbí? Kò sí aró búlúù lára ìyẹ́ yìí. Bí a bá gún un nínú odó, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ilẹ̀ ni a ó bá nídìí rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ọ̀pá mélànínì, ohun dúdú kan náà tí ń bẹ nínú irun orí wa, tí a tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí igi ọgbà. Àwọn onímọ̀ ní Shanghai wọ̀n ọ́n, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 2003. Ní ibi búlúù, ọ̀pá sí ọ̀pá jẹ́ 140 nánómítà. Ní ibi àwọ̀ ewé, 150. Ní ibi yẹ́lò, 165. Nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún máíkírómítà. Ìyàtọ̀ nánómítà mẹ́wàá péré ni ó ya búlúù sí àwọ̀ ewé lára ọba ẹyẹ. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá àlàfo náà mu ni ó ń ta padà sí wa lójú.

Òpálì, òkúta ọ̀ṣọ́ kan, náà ń ṣe irú rẹ̀. Ní 1964, J. V. Sanders ní Ọsirélíà fi máíkírósíkóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wò ó, ó bá bọ́ọ̀lù sílíkà nínú rẹ̀, ohun kan náà tí a fi dá iyanrìn, tí a tò bí ìyá ọlọ́sàn ṣe ń to ọsàn lórí àtẹ: ìpele kan, èkejì jókòó sínú kòtò ti ìṣáájú. Kọ́lọ́ìdì tí ó ti gbẹ lábẹ́ ilẹ̀ láti ayébáyé ni òpálì. Ìyá ọlọ́sàn yẹn náà kò mọ̀ pé òun wà nínú ọ̀rọ̀ ńlá. Johannes Kepler, onímọ̀ ìràwọ̀, sọ ní 1611 pé kò sí ọ̀nà tí a lè gbà to bọ́ọ̀lù tí yóò fún pọ̀ ju ti àtẹ ọsàn lọ, ìyẹn ni pé ọsàn á gba nǹkan bí 74 nínú 100 àyè. Ó di 1998 kí Thomas Hales tó kéde pé òun ti rí ẹ̀rí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òpálì kò tó. Àwọ̀ rẹ̀ ń yí bí ojú ṣe ń yí, nítorí pé ìhà kan nìkan ni ó ń dènà ìmọ́lẹ̀ kan. Ní 1987, Eli Yablonovitch àti Sajeev John, ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, rò ó pé a lè ṣe ohun tí yóò dènà àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan láti gbogbo ìhà pátápátá, tí a ó fi lè máa darí ìmọ́lẹ̀ bí a ti ń darí iná mànàmáná nínú wáyà. Ní 1990, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Iowa ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé títò tí átọ́mù dáyámọ́ǹdì ní ni yóò ṣe é. Yablonovitch gbẹ́ irú rẹ̀ nípa lílu ihò sínú ohun èlò, ó sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìgbì rédíò kúkúrú tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà bíi méjì ni ó ń dènà. Fún ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, ihò náà gbọ́dọ̀ kéré sí ìyẹn ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kò sí ẹ̀rọ ìlu-ihò tí ó lè bẹ ibẹ̀ wò. Kọ́lọ́ìdì ni ó kù.

Ìṣòro kan wà. Dáyámọ́ǹdì ṣófo. Hóró rẹ̀ kò gbà ju 34 nínú 100 àyè lọ, nígbà tí àtẹ ọsàn ń gba 74. Bọ́ọ̀lù lásán tí a bá fi sílẹ̀ kò ní lọ síbi tí ó ṣófo bẹ́ẹ̀ láé. Nínú dáyámọ́ǹdì, hóró kọ̀ọ̀kan ń di mẹ́rin péré mú. Ẹ fojú inú wo ààrò mẹ́ta tí a gbé ìkòkò kékeré kan lé lórí: láti àárín ìrísí yẹn ni hóró kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti na ọwọ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

David Pine, onímọ̀ físíìsì ní New York University, ni ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ rántí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2003, òun pẹ̀lú Vinothan Manoharan àti Mark Elsesser tẹ iṣẹ́ kan jáde tí ó rọrùn láti rí nínú ọkàn. Wọ́n so bọ́ọ̀lù ike kéékèèké mọ́ ara ẹ̀kán òróró nínú omi, wọ́n sì jẹ́ kí òróró náà gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀kán ṣe ń sún kì, ó ń fa àwọn bọ́ọ̀lù náà mọ́ra. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, ààrò mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀kan lórí ni wọ́n ń dà. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́fà, mẹ́rin á tò yíká, ọ̀kan á wà lókè, ọ̀kan á wà nísàlẹ̀, ó gún régé.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí mẹ́fà yẹn. Ní 2010, Manoharan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard tún mú bọ́ọ̀lù mẹ́fà. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí òróró tí ń fipá kó wọn jọ. Ìgbọ̀n omi nìkan ni, pẹ̀lú òòfà díẹ̀ kí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ra. Ìrísí méjì ni mẹ́fà lè dà: èyí tí ó gún régé tí mo sọ, àti òmíràn tí ó wọ́, bí ẹni pé a mú ààrò kan tí a tún fi bọ́ọ̀lù méjì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú ìfarakàn 12 ni méjèèjì ní, nítorí náà okun tí ó so wọ́n dọ́gba. Èwo ni ẹ rò pé yóò pọ̀ jù? Èyí tí ó wọ́ ni. Èyí tí ó gún kò tó 5 nínú 100. Ẹ kọ nọ́ńbà 1 sí 6 sára bọ́ọ̀lù náà kí ẹ kà á: ọ̀nà 30 péré ni a lè gbà kó èyí tí ó gún jọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà 360 wà fún èyí tí ó wọ́. Ó tún ní àyè láti gbọ̀n ju èkejì lọ. Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí gidigidi. Ohun tí ó wù wá lójú kọ́ ni ìgbọ̀n ń yàn, ohun tí ọ̀nà rẹ̀ pọ̀ ni ó ń yàn. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ohun tí ó gún, a gbọ́dọ̀ gbẹ́ hóró náà débi pé ọ̀nà tí ó wọ́ á dí.

Ìyẹn gan-an ni Pine gbájú mọ́. Ní 2012, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé a lè fún hóró ní ojú-ìlẹ̀mọ́, ibì kan pàtó lára rẹ̀ tí ó lè di èkejì mú. DNA ni wọ́n fi ṣe ojú náà. Gbogbo wa mọ DNA bí ìwé àjogúnbá inú ara, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí okùn lásán ni, okùn tí ó mọ ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́rin ni ó wà lára okùn náà, tí a ń fi lẹ́tà A, T, G àti C pè: ẹ̀yà A ń kojú T, G ń kojú C. Bí omi bá gbóná, okùn á tú. Bí ó bá tutù, á so. Láti 1996, nígbà tí ẹgbẹ́ Chad Mirkin àti ti Paul Alivisatos kọ́kọ́ fi DNA so hóró wúrà pọ̀, ni ọ̀nà yìí ti là.

Síbẹ̀, ojú-ìlẹ̀mọ́ mẹ́rin kò tíì tó fún dáyámọ́ǹdì. Ẹ gbé ìkúùkù yín méjèèjì kojú ara wọn báyìí. Wọ́n ti pàdé, ṣùgbọ́n ẹ lè yí ọ̀kan lọ́rùn ọwọ́ kí ekejì dúró. Bí hóró méjì bá lẹ̀ mọ́ra tí wọ́n sì lè yí fàlàlà bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mẹ́ta tí ó kù lára wọn lè kojú ara wọn gan-an, ó sì lè yẹ̀ sí àlàfo. Dáyámọ́ǹdì fẹ́ kí ó yẹ̀ sí àlàfo nígbà gbogbo. Bí wọ́n bá ń pa á pọ̀, títò á dàrú.

Ojútùú rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní oṣù kẹsàn-án 2020. Mingxin He àti àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ Pine, pẹ̀lú Stefano Sacanna ní New York àti Gi-Ra Yi ní Kòríà, kó bọ́ọ̀lù ike mẹ́rin jọ bí ààrò, ẹ̀kán òróró kan wà láàárín wọn. Wọ́n mú kí ike náà rọ̀ díẹ̀, ó sún kì, òróró sì ń yọ jáde láàárín bọ́ọ̀lù ní ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ẹ̀kọ tí ń yọ láàárín ìka ọmọdé. Wọ́n dá a dúró kí òróró tó yọ kọjá bọ́ọ̀lù: ojú-ìlẹ̀mọ́ náà wà nínú kòtò. Wọ́n so DNA mọ́ ọn níbẹ̀. Nítorí kòtò yìí, hóró méjì kò lè kàn ara wọn dáadáa àfi bí bọ́ọ̀lù ti ọ̀kan bá wọ àlàfo láàárín bọ́ọ̀lù ti èkejì, bí eyín òkè àti eyín ìsàlẹ̀ ṣe ń wọnú ara wọn. Yíyí fàlàlà ti dópin. Bí wọ́n ṣe mú omi náà tutù díẹ̀díẹ̀, dáyámọ́ǹdì bẹ̀rẹ̀ sí í hù lábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ gbé hóró kan síbì kan. Wọ́n gbẹ́ kòtò kan, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ọ̀nà tí kò yẹ. Nígbà tí mo kà á, mo dìde lórí àga mi, mo lọ pe ìyàwó mi wá wo àwòrán rẹ̀.

Iṣẹ́ kò tíì parí. Hóró tí wọ́n lò tóbi jù fún ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, ó tó bíi máíkírómítà kan. Ike fúnra rẹ̀ kò sì tẹ ìmọ́lẹ̀ tó. Ọ̀nà tí wọ́n ń rò ni pé kí a lo dáyámọ́ǹdì ike náà bí amọ̀ tí a fi ń rọ nǹkan, kí a da ohun tí ó lágbára bíi títáníọ́mù díọ́kísáìdì sínú àlàfo rẹ̀, kí a wá yọ ike náà kúrò. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé gbogbo rẹ̀ kéré sí i. Ẹni tí yóò ṣe èyí lè wà nínú àwọn tí ó dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé mo gbà á gbọ́: ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, bọ́ọ̀lù ike, omi, máíkírósíkóòpù àti sùúrù Perrin, kò ju ohun tí ọwọ́ wa lè tó lọ.

Mo rí ọwọ́ tí ẹ nà sókè, a ó dé orí ìbéèrè. Kí ẹ tó bèèrè, tíréè wà lórí tábìlì yìí. Nígbà tí ẹ ń wo ìyẹ́ ọ̀kín, mo yọ irin kan kúrò láàárín, mo sì fi ọ̀kan tí ó tóbi díẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ bọ́ síwájú ní mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ mì í jẹ́jẹ́, kí ẹ sì sọ fún mi ohun tí ẹ rí ní ẹ̀gbẹ́ irin ńlá yẹn.